Ọ̀nà Ìyá Àgbà: Ọjọ́ Mẹ́rin Lórí Òkè Ìgbómìnà

Ọjọ́ kìíní (Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejìlá, 2018)

Ọyẹ́ bo Ìlọrin láàárọ̀ yìí débi pé iná mọ́tò nìkan là ń rí ní títì Tankẹ. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni èmi àti àbúrò mi obìnrin jáde nílé. Ẹrù wa kò pọ̀: aṣọ ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, iyọ̀, gàárì, ẹ̀pà, àti búrẹ́dì ńlá méjì tí ìyá wa dì lé wa lọ́wọ́. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣánwọ́ wọ ìlú onílùú.

Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí ìyá wa, máa ń ru irú àti òrí gba orí òkè tó wà lẹ́yìn Ọ̀wá Kájọlà, ìlú kan nílẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, lọ sí ọjà ọrọọrún ní ìhà kejì, kí ọ̀nà mọ́tò tó dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìyá wa wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n rin ọ̀nà yẹn. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn rẹ̀, a ò sì mọ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó rìn ín rí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà náà ṣì wà, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán nílẹ̀.

Mọ́tò Ìlọrin sí Ọ̀mù-Àrán gba ₦600 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A kọjá Gánmọ̀, a kọjá Ìdófìán, a sì dúró jẹun ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni. Ìyá alákàrà bi wá ibi tí à ń lọ. Nígbà tí a sọ pé òkè la fẹ́ gùn, wọ́n bu àkàrà mẹ́rin kún tiwa, wọ́n ní èènì ẹsẹ̀ nìyẹn.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Òrò, a wọ ọ̀kadà dé Ẹ̀sìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta. Ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ère náà lé ní 1,000. Ọdún 1933 ni ìròyìn wọn kan àwọn ará òde, àmọ́ àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n. Òkúta wọn rọ̀, ó ṣeé fi irin kékeré gbẹ́, ìdí nìyẹn tí ilà ojú àti irun dídì wọn fi hàn ketekete. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó. Àwọn kan mú idà lọ́wọ́, obìnrin wà nínú wọn. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ni pé àlejò ni wọ́n nígbà kan, tí wọ́n di òkúta. Àbúrò mi dúró pẹ́ níwájú ọ̀kan tí apá rẹ̀ ti gé. Nígbà tí a jáde, ó ní, “Bọ̀dá mi, ojú wọn dà bíi ti ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun káàbọ̀.”

Ọ̀mù-Àrán la sùn. Iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran kan jẹ́ ₦400 nígbà náà. Iyán náà kò ní kókó kankan nínú. Ẹ jẹun yó níbẹ̀ o, nítorí ẹ ò ní rí oúnjẹ rà mọ́ lẹ́yìn ibẹ̀.

Ọjọ́ kejì (Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kejìlá)

Ọ̀kadà dé Ọ̀wá Kájọlà gba ₦700 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A gba ọ̀nà Ìsánlú-Ìsin. Eruku ọ̀nà náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí a fi máa dé, ìpéǹpéjú wa ti pupa bí ẹni tó kun osùn. Ẹ fi nǹkan bo imú, kí ẹ sì dì fóònù yín sínú ọ̀rá.

A kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú. Ẹ má fo èyí. Ó yẹ kí wọ́n mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa padà, kí wọ́n lè wá yín bí wọn kò bá rí yín. Mo dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi kúnlẹ̀, a gbé búrẹ́dì kalẹ̀, a sì dárúkọ ìyá àgbà wa. Bàbá kan dìde, wọ́n fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n àbúrò mi sókè, wọ́n ní, “Ojú rẹ̀ nìyí. Ojú rẹ̀ gan-an nìyí.” Láti ìgbà yẹn lọ, kò sẹ́ni tó pè wá ní àlejò mọ́.

Wọ́n fi ọdẹ àgbà kan ṣe atọ́nà wa. Bàbá Ọdẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, bàtà rọ́bà ló sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo bi wọ́n pé èló ni ká san. Wọ́n ní ká fún àwọn lówó ẹ̀tù, ká fi ohun tó bá tọkàn wa wá lé e. A kó ₦6,000 kalẹ̀. Wọ́n ka ₦1,000 padà sọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n ní kó fi ra ọsàn.

A gbọ́ ohùn omi Ọ̀wù kí a tó rí i. Wọ́n ní ó ga tó 120 mítà, orí àpáta ló sì ti ń já bọ́ tààrà. Omi rẹ̀ ti fà nítorí ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá fẹ́, ó máa gbá díẹ̀ nínú omi náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó kanlẹ̀, á sì fọ́n ọn sí wa lára. Eruku ojú wa di ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní kíkún, kó wá lásìkò òjò, kó sì múra sílẹ̀ fún àpáta tó ń yọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sílé. Àwa yà sápá kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í di gbòǹgbò igi mú gòkè.

Nígbà tí a dúró mí, Bàbá gbé àdá wọn lé orúnkún. “Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé tí wọ́n ń pè wá ní Ìgbómìnà?” Àbúrò mi dáhùn pé nítorí ògbó ni. Inú wọn dùn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ògbó, ìyẹn àdá tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, òun ló ń la igbó níwájú àwọn baba wa, tí wọ́n fi ń sọ pé ògbó mọ̀nà. Wọ́n wá na àdá sí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Wò ó dáadáa.” Mo wò ó, n kò rí nǹkan. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n fi ìka mi tọ ara igi náà. Mo kan ibì kan tó wú, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, tí èèpo ti padé lórí rẹ̀ bí ètè tó pa dé. Wọ́n ní bàbá àwọn ló ṣá ibẹ̀, kí wọ́n tó bí àwọn.

Bí ọ̀nà náà ṣe wà nìyẹn. Kò sí ọ̀dà, kò sí pátákó. Àpá àdá lára igi, òkúta kékeré tí wọ́n há sí ẹ̀ka, koríko tí wọ́n ta ní kókó ní oríta: bí kókó bá dojú kọ apá kan, apá yẹn ni kí o má gbà. Google Maps fi ewéko lásán hàn wá. Nígbà tó yá, òun náà kò hàn mọ́, nítorí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bàbá tún kọ́ wa pé a kì í ṣá igi ẹ̀mí fún àmì. Àwọn obìnrin ló ni ín, òrí wọn ló ń so. Igi ìrà ni kí èèyàn ṣá, èèpo rẹ̀ nípọn.

Lẹ́yìn aago méjì ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Bàbá yà lọ wo tàkúté wọn, wọ́n ní ká máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. A dé oríta kan. Ọ̀nà ọwọ́ òsì tẹ́ẹ́rẹ́, koríko ti fẹ́ẹ̀ bò ó. Ti ọwọ́ ọ̀tún fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ roro, ó dà bí ibi tí gbogbo ayé ń gbà. A gba ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń dagun, ó ń pín sí méjì, sí mẹ́ta, ẹ̀ka sì ń gbá wa lórí. A kò fura. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú a bá ara wa nínú kòtò kan tí igbó dí, omi kékeré ń ṣàn nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ màlúù kún inú ẹrẹ̀. Ọ̀nà màlúù la gbà.

Níbi tí a ti ń wá bí a ó ṣe gòkè padà ni àbúrò mi fọwọ́ ya ìtàkùn kan kúrò níwájú rẹ̀, tó sì kígbe. Wèrèpè ni. Èso rẹ̀ ti gbẹ, irun wúrà rẹ̀ tú sí i lápá àti lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ wèrèpè mọ ohun tí mò ń sọ. Ó fẹ́ ya ara rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má họ ọ́n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà ò mọ apá ibi tí ọ̀nà wà. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ronú ohun tí mo máa sọ fún ìyá wa.

Fèrè Bàbá la kọ́kọ́ gbọ́ látòkè. Mo pariwo dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin Fúlàní kan tó ń da màlúù bọ̀ láti odò ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo apá àbúrò mi, kò béèrè ohunkóhun, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó fi omi kàn án. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ìyá mi.” Gáà wọn kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ìyá náà bu eérú tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nídìí ààrò, wọ́n ń fi pa á lára díẹ̀díẹ̀ sí apá kan ṣoṣo, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n dànù, wọ́n tún ń bu òmíràn. Wọ́n ṣe é títí irun náà fi tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òrí pa á. Àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó gbé orí lé èjìká ìyá tí kò mọ̀ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, oorun sì gbé e lọ.

Bàbá dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Wọn kò bá wa wí. Wọ́n ní àwọn làwọn jẹ̀bi, pé àwọn ì bá ti ta koríko sí oríta yẹn.

Gáà yẹn la sùn. Wọ́n fún wa ní fúrá àti nọ́nò, wọ́n tẹ́ ẹní fún wa nínú ahéré tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ bò. Òtútù ọyẹ́ mú wa dé egungun. Ẹ gbé aṣọ ìbora tó nípọn.

Ọjọ́ kẹta (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kejìlá)

Mo jí bá ìyá náà nídìí iná, wọ́n ń ṣe wàrà. Ìlọrin ni mo ti ń jẹ wàrà láti kékeré, n kò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é rí. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n fún lára màlúù lé iná tí kò le. Wọ́n gún ewé àti ọ̀pá bọ̀mubọ̀mu, wọ́n bu díẹ̀ nínú wàrà náà fọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ padà sínú ìkòkò, wọ́n rò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì káwọ́ kúrò. Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò ní rò ó mọ́. Yorùbá wọn yọ̀ mọ́ni létí: “Bí o bá ń rò ó ṣáá, kò ní dì.” A jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀, omi rẹ̀ ya ọ̀tọ̀, ìdì funfun ya ọ̀tọ̀. Wọ́n fi ìgbákọ bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké, omi rẹ̀ ń ro sílẹ̀ tótó. Wọ́n dojú agbọ̀n kan dé lé ọwọ́ mi nígbà tó ṣì gbóná, àmì agbọ̀n wà lára rẹ̀ yíká. Wọ́n ń ta á ní ₦20 ẹyọ kan. A ra ogún. Wọn kò gba kọ́bọ̀ fún oorun tí a sùn, fún oúnjẹ, tàbí fún ìtọ́jú àbúrò mi. A fi iyọ̀ àti ìṣáná wa sílẹ̀ fún wọn, ìyẹn ni wọ́n gbà.

Ọmọ wọn sìn wá padà sí oríta. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ mọ̀: kí o máa wo òkè, má wo ilẹ̀ nìkan. Lójú ọ̀nà èèyàn, wọ́n á ti gé ẹ̀ka kúrò níbi tí orí ń kàn, pàápàá ọ̀nà tí obìnrin ń ru ẹrù gbà. Àyè orí rẹ̀ máa ń ga. Màlúù kò ní àdá, ẹ̀ka ọ̀nà tiwọn á máa gbá ọ lójú. Ọ̀nà màlúù máa ń pín, ó sì máa ń wá omi lọ. Ọ̀nà èèyàn kì í tètè pín.

Bàbá fa àdá lé mi lọ́wọ́ ní oríta náà. Wọ́n fi igi ìrà kan hàn mí lápá òsì. Mo ṣá a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò jìn tó, mo tún un ṣá. Oje pupa díẹ̀ yọ. Àbúrò mi ta koríko ní kókó sí ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún.

Láti ibẹ̀ lọ, orí òkè tẹ́jú. Àwọn darandaran ti sun koríko ibẹ̀, ilẹ̀ dúdú, àmọ́ èèhù tútù ti ń yọ láàárín eérú, màlúù sì fọ́n káàkiri láàárín igi ẹ̀mí àti igi igbá, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Títí di aago mẹ́wàá a kò rí ju ibi tí a ju òkúta dé lọ. Nígbà tí ọyẹ́ gbà ká ríran, òkè lẹ́yìn òkè ló wà nísàlẹ̀ wa, òrùlé páànù kọ̀ọ̀kan ń tàn láàárín wọn. Omi ló lè dá yín dúró lórí ibẹ̀: a kò rí omi tó ṣeé mu láti gáà títí di aago mẹ́ta. Lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù.

Ní nǹkan bí aago méjìlá Bàbá dúró. “Ibi ìsọ̀ nìyí.” Àpáta kan ni, ó ga tó èjìká mi, orí rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì, igi igbá kan ṣíji bò ó. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti máa ń sinmi. Ẹni tó bá ru ẹrù wúwo nílò ẹni tó máa bá a sọ̀ ọ́ àti ẹni tó máa bá a gbé e rù. Lójú ọ̀nà gígùn, níbi tí kò ti sí ẹnìkan, ó máa fara ti àpáta yìí, á tẹ̀ díẹ̀, ẹrù á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ sórí òkúta. Bó bá sinmi tán, á fi orí gbà á padà, á máa lọ. Kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ojú àpáta náà ti dán níbì kan. Mo fi ọwọ́ pa á, ó yọ̀ bí inú ọpọ́n.

Àbúrò mi gbé báàgì rẹ̀ lé orí, ó fara ti òkúta náà, ó sì sọ̀ ọ́. Ó tún fi orí gbé e. Ó sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi àti Bàbá kò sọ̀rọ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ ní ìhà kejì le ju gígùn lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Ẹ gé ọ̀pá kan dání kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjà ìyá àgbà kò sí mọ́. Igi ọ̀dán ńlá méjì àti àwókù ìkòkò tó fọ́n sílẹ̀ lábẹ́ wọn ló kù. Ìdílé kan tó ń dáko nítòsí gbà wá sí abà wọn, wọ́n sun iṣu fún wa, a fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Bàbá onílé sọ pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni, yàtọ̀ sí ọdẹ àti darandaran, ti gba orí òkè yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ọjọ́ kẹrin (Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kejìlá)

Bàbá Ọdẹ gba orí òkè padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kò fẹ́ ọ̀kadà. Àwa rìn wákàtí kan àbọ̀ jáde sí ọ̀nà mọ́tò, a rí ọ̀kadà ní ₦1,000 dé Ọ̀mù-Àrán, a sì wọ mọ́tò Ìlọrin. Láti ilé dé ilé, owó tí àwa méjèèjì ná kò ju ₦15,000 lọ, ti Bàbá wà nínú rẹ̀.

Wàrà márùn-ún péré ló délé, wọ́n sì ti kan díẹ̀. Ìyá wa dín wọn. Níbi tí a ti ń jẹun, mo fi àwòrán àpáta ìsọ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka fẹ àwòrán náà, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́.

“Igbá kejì dà?”

Mo ní ẹyọ kan la bá. Wọ́n ní rárá, méjì ni. Abẹ́ èkejì ni wọ́n máa ń sọ àwọn kalẹ̀ sí, kí àwọn má bàa wà lábẹ́ ẹrù. A jọ tẹjú mọ́ àwòrán náà. Lápá ọ̀tún, níbi tí n kò fọkàn sí nígbà tí mò ń yà á, kùkùté kan wà tí iná ti jó dúdú.

Ẹni tó bá máa lọ, kó lọ láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, kó bá ọdẹ ìlú rìn, kó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nítorí wèrèpè. Bí ẹ bá dé oríta lórí òkè, ẹ wá igi ìrà tó ní àpá mẹ́ta lápá òsì. Bí èèpo bá ti ń padé lórí rẹ̀, ẹ bá wa tún un ṣá.

Ìyá wa gbé fóònù náà sílẹ̀ nígbà tí wàrà ti tutù. Wọ́n ní bí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ bá dé, kí n bá àwọn ra bàtà rọ́bà, irú ti Bàbá Ọdẹ.